Kó dúró, kó lọ, àbí kó ṣí lọ sílé-ẹ̀kọ́ mìíràn? Ìfiwéra fún ìdílé tí ọmọ wọn jẹ́ wide receiver

Mo kọ èyí fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì, pàápàá àwọn òbí wa tó wà lọ́hùn-ún tí wọn ò bá eré náà dàgbà. Wide receiver ni ọmọ yín, ẹni tí ń sáré jáde lọ gba bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù. Ó ti ṣe dáadáa débi pé orúkọ rẹ̀ ti ń jáde nínú ìròyìn. Oṣù Kìíní ti ń kan ilẹ̀kùn, ẹ sì gbọ́dọ̀ fèsì: ṣé kó padà fún sáà kan sí i ni, ṣé kó forúkọ sílẹ̀ fún draft, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tí ń fi eré náà jẹun, máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ níkọ̀ọ̀kan, àbí kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn?

Òfin kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ná. NFL kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó ti kúrò nílé-ẹ̀kọ́ girama. Wọn kì í ka iye ọdún tó lò ní yunifásítì rárá. Girama ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Òfin yìí kan náà ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, òun náà ló sì tì í mọ́ ẹlòmíràn lójú.

Ẹni mẹ́rin ni mo tò síbí. “Bọ́ọ̀lù” ni iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù mú, “yáàdì” ni bó ṣe gbé e jìnnà tó, “touchdown” sì ni iye ìgbà tó gbé e wọlé. Nínú draft, bí ipò bá ṣe kéré tó ni wọ́n ṣe tètè mú ọmọ tó:

| Agbábọ́ọ̀lù | Ilé-ẹ̀kọ́ | Sáà tó mú kórúkọ rẹ̀ dún | Ọ̀nà tó gbà | Ipò nínú draft |
|---|---|---|---|---|
| DeVonta Smith | Alabama | 2020: bọ́ọ̀lù 117, yáàdì 1,856, touchdown 23 | Ó dúró di ọdún kẹrin | 10, ní 2021 |
| Larry Fitzgerald | Pittsburgh | 2003: bọ́ọ̀lù 92, yáàdì 1,672, touchdown 22 | Ó lọ lẹ́yìn sáà méjì | 3, ní 2004 |
| Mike Williams | USC (University of Southern California) | 2003: bọ́ọ̀lù 95, yáàdì 1,314, touchdown 16 | Ó fẹ́ lọ lẹ́yìn sáà méjì, wọ́n dá a dúró | 10, ní 2005 |
| Jordan Addison | Pittsburgh, lẹ́yìn náà USC | 2021: bọ́ọ̀lù 100, yáàdì 1,593, touchdown 17 | Ó ṣí lọ sílé-ẹ̀kọ́ mìíràn | 23, ní 2023 |

Tí ẹ bá wo àwọn iye wọ̀nyẹn nìkan, ẹ ó rò pé ọmọ-ìyá ni gbogbo wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò sí nínú iye.

DeVonta Smith: ẹni tó dúró

Amite ní Louisiana ni wọ́n ti tọ́ Smith dàgbà. Ní 2017 tó dé Alabama, bọ́ọ̀lù mẹ́jọ péré ló mú ní gbogbo sáà náà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn, àwọn ará Alabama ò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2018 ni, àwọn àti yunifásítì Georgia ń du ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì. Eré ti wọ àkókò àfikún, Georgia sì fi 23 sí 20 síwájú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá quarterback Alabama, Tua Tagovailoa, mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ti fà sẹ́yìn yáàdì 16. Smith gbéra lápá òsì, ó sáré tààrà, kò yà síbì kan. Tagovailoa kọ́kọ́ kọjú sápá ọ̀tún, ẹni tó yẹ kó ṣọ́ ẹ̀yìn sì bá ojú rẹ̀ lọ. Kí ìyẹn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Smith ti yọ lára ẹni tó ń lé e, bọ́ọ̀lù sì ti wà lójú ọ̀run. Yáàdì 41. Ó gbá a mú, ó wọlé, eré parí sí 26 sí 23.

Ẹ rántí pé ọmọ tó ṣe èyí ṣì ní láti dúró kí ààyè tó ṣí fún un. Ní 2019, receiver mẹ́rin tí NFL ń wá lójú méjèèjì ló wà ní Alabama lẹ́ẹ̀kan náà: Jerry Jeudy, Henry Ruggs, Jaylen Waddle àti òun. Ó mú bọ́ọ̀lù 68 fún yáàdì 1,256 lọ́dún náà, òfin sì gbà á láyè láti máa lọ. Jeudy àti Ruggs lọ. Wọ́n mú Ruggs ní ipò 12, wọ́n mú Jeudy ní ipò 15. Smith àti Waddle padà.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn méjì yẹn ti lọ, bọ́ọ̀lù tó yẹ kó jẹ́ tiwọn di ti Smith. Nígbà tí Waddle tún fara pa lọ́rùn ẹsẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2020 nígbà tí wọ́n ń bá Tennessee gbá, tirẹ̀ náà tún bọ́ sọ́wọ́ Smith. Mac Jones ló ń ju bọ́ọ̀lù, Steve Sarkisian ló sì ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń kọlu ẹgbẹ́ kejì. Ohun gbogbo wà ní sẹpẹ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2021, wọ́n fún Smith ní àmì-ẹ̀yẹ Heisman, tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó ta gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Láti ìgbà tí Desmond Howard ti Michigan ti gbà á ní 1991, kò sí receiver kankan tó tún fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé Ohio State fún ife-ẹ̀yẹ. Kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré, Smith ti mú bọ́ọ̀lù 12, yáàdì 215, touchdown mẹ́ta. Ó fara pa níka lẹ́yìn ìsinmi, kò lè parí eré náà, Alabama sì fi 52 sí 24 gbé ife lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ipò 10 ni Philadelphia Eagles ti mú un. Waddle tó fara pa, tí kò gbá ju àbọ̀ sáà lọ, ipò 6 ni Miami ti mú òun. Ja'Marr Chase, receiver yunifásítì LSU, tí kò tilẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kankan ní 2020, ipò 5. Gbogbo ògo tí Smith kó jọ ní ọdún kẹrin, ipò méjì péré ló fi ṣíwájú ibi tí Ruggs dé lọ́dún tó ṣáájú. Ara rẹ̀ tó tín-ín-rín ni àwọn ẹgbẹ́ NFL ń sọ. Pọ́n-ùn 166 ni wọ́n ní ó wọ̀n.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe dá ọmọ dúró nítorí àmì-ẹ̀yẹ. NFL ò fi àmì-ẹ̀yẹ díwọ̀n èèyàn. Eré sísá, ara àti ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò. Ohun tí Smith jèrè ni pé iṣẹ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù kó tó débẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Philadelphia, yáàdì 916. Lọ́dún kejì, 1,196. Ní oṣù Kejì 2025, nígbà tí Eagles na Kansas City 40 sí 22 nínú Super Bowl, àṣekágbá NFL, ó gba bọ́ọ̀lù yáàdì 46 kan wọlé, bó ṣe gba ti 2018 náà wọlé.

Larry Fitzgerald: ẹni tó tètè lọ

Ọmọ Minneapolis ni Fitzgerald, akọ̀ròyìn eré ìdárayá ni bàbá rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun ni ọmọ tí ń bá Minnesota Vikings, ẹgbẹ́ NFL kan, ṣa bọ́ọ̀lù, ó sì ń wo Cris Carter àti Randy Moss, àgbà receiver méjì, bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwé rẹ̀ kò dán mọ́rán, nítorí náà ó kọ́kọ́ lọ sí Valley Forge, ilé-ẹ̀kọ́ ológun kan ní Pennsylvania, kó tó wọ Pittsburgh. Ìgbà tó lò níbẹ̀ ló wá gbà á sílẹ̀ níkẹyìn: sáà méjì péré ló gbá ní yunifásítì, ṣùgbọ́n NFL gbà pé ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti pé.

Sáà kejì yẹn, 2003, àrà ni. Ó gba touchdown nínú eré 18 léraléra, kò sí ẹni tó ṣe é rí. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Biletnikoff ti àwọn receiver, ó sì ṣe ipò kejì nínú ti Heisman. Arizona mú un ní ipò 3, ọdún 17 ló sì fi gbá fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yẹn: bọ́ọ̀lù 1,432, yáàdì 17,492. Jerry Rice nìkan ló ju èyí lọ nínú ìtàn NFL.

Kí ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún un láti tètè lọ láìṣubú? Èrò tèmi ni pé kò dé ibi iṣẹ́ náà bí àlejò. Ọmọ tó ti ń wo bí àgbà ṣe ń múra ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọmọ ọdún méjìlá, mẹ́tàlá, ó mọ̀ pé owó kọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Tí ọmọ tiyín bá jẹ́ irú ẹni tó máa ń kẹ́yìn jáde ní pápá, tí kò sí ẹni tó ń lé e wọ ibi ìdánrawò, ẹ lè fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ìyá kì í ṣàì bi mí nípa ìwé ẹ̀rí. Ìyá Fitzgerald, Carol, kú ní 2003 nígbà tó ń bá àìsàn jẹjẹrẹ ọmú jà, ọmọ náà sì ti ṣèlérí fún un pé òun yóò parí ìwé òun. Ó mú un ṣẹ ní 2016, ní University of Phoenix. Ìyẹn ni pé ọdún 12 lẹ́yìn draft. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ tó lọ ò lè padà kàwé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ó yá.

Mike Williams: ẹni tí ilẹ̀kùn méjèèjì tì mọ́

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí máa ń dùn mí. Tampa ní Florida ló ti wá. Ó dé USC ní 2002, ó gba bọ́ọ̀lù 81 fún yáàdì 1,265 lọ́dún àkọ́kọ́, lọ́dún kejì ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ni, kò sí àní-àní.

Ní oṣù Kejì 2004, Maurice Clarett, agbábọ́ọ̀lù Ohio State, borí NFL nílé ẹjọ́, adájọ́ ní òfin ọdún mẹ́ta kò tọ́. Williams, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọdún méjì, gbọ́, ó forúkọ sílẹ̀ fún draft, ó sì gba aṣojú, ẹni tí ń bá agbábọ́ọ̀lù dúnàádúrà. NFL gba ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí draft ku ọjọ́ díẹ̀, àwọn adájọ́ ibẹ̀ dá ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró. NFL ò gbà á mọ́. Ó fi aṣojú sílẹ̀, ó padà sí NCAA tí ń darí eré yunifásítì, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà. Ní oṣù Kẹjọ, tí sáà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

Ọdún kan gbáko ló fi jókòó. Nígbà tí Detroit mú un ní 2005, ipò 10 náà ni, bíi ti Smith lẹ́yìn náà. Ẹ wo bí ipò kan náà ṣe lè yàtọ̀ tó. Ọdún méjì ló lò ní Detroit láìrí ẹsẹ̀ walẹ̀, ó kọjá sí Oakland àti Tennessee, lẹ́yìn náà kò sí ẹgbẹ́ fún un ní 2008 àti 2009. Pete Carroll tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní USC ló ránṣẹ́ pè é sí Seattle ní 2010, ó sì mú bọ́ọ̀lù 65 fún yáàdì 751, kí gbogbo ayé lè rí i pé ẹ̀bùn náà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ó kú ní 2023, lẹ́ni ọdún 39, lẹ́yìn ìjàǹbá kan níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Èmi ò dá a lẹ́bi. Ọmọ ogún ọdún ni, adájọ́ ló sọ pé ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù ú lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ sí ìwé aṣojú NFL nígbà tí ohunkóhun ṣì wà nílé ẹjọ́ tàbí lẹ́nu àwọn èèyàn. Ọ́fíìsì kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ń pè ní compliance. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí wọ́n ṣàlàyé fún yín ohun tí yóò gba ẹ̀tọ́ àtigbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ yín. NFL náà ní ìgbìmọ̀ kan tí ń yẹ ọmọ wò bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá béèrè. Wọn yóò sọ fún un bóyá ìpele kìíní nínú draft ló tó (ìyẹn yípo àkọ́kọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú ọmọ), tàbí ìkejì, tàbí kó padà sílé-ẹ̀kọ́. Ẹ gba èsì yẹn kí ẹ tó gbọ́ ti aṣojú kankan.

Jordan Addison: ẹni tó ṣí lọ

Láyé Fitzgerald, ọmọ tó bá pààrọ̀ yunifásítì ní láti fi ọdún kan jókòó kó tó gbá. Láti 2021, ìyẹn ti yí padà. Ọdún kan náà, láti ọjọ́ 1 oṣù Keje, ni wọ́n gba àwọn ọmọ láyè láti máa rí owó látara orúkọ àti àwòrán wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní NIL. Láti 2025, àwọn yunifásítì fúnra wọn ti lè san owó fún agbábọ́ọ̀lù.

Addison, ọmọ Frederick ní Maryland, gba Biletnikoff ní Pittsburgh ní 2021. Quarterback rẹ̀, Kenny Pickett, lọ sí NFL lẹ́yìn sáà náà. Addison kó ẹrù, ó di USC, níbi tí Caleb Williams wà. Ó fara pa láàárín sáà, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ sí bọ́ọ̀lù 59 àti yáàdì 875. Bẹ́ẹ̀ náà ni Minnesota mú un ní ìpele kìíní, ó sì gba touchdown mẹ́wàá lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀.

Ariwo owó pọ̀ lórí ìṣípòpadà yẹn nígbà náà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Receiver tí quarterback rẹ̀ bá ti lọ dà bí apẹja tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ; bó ti wù kó mọ àwọ̀n jù tó, etí odò ni yóò dúró sí. Láti tẹ̀ lé apá tó lè ju bọ́ọ̀lù, ìdí gidi nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ owó nìkan ni wọ́n fi ń fa ọmọ yín, tí wọn ò sì lè sọ ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí i, kó jókòó sí ibi tó wà.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá kéré ńkọ́?

Cooper Kupp ò ṣí lọ síbì kankan. Ní Eastern Washington, níbi tí koríko pápá wọn ti pupa bí ẹ̀jẹ̀, ó gbá sáà mẹ́rin: bọ́ọ̀lù 428, yáàdì 6,464, touchdown 73. Ìpele kẹta, ipò 69, ni Rams ti mú un ní 2017. Ní 2021, ó mú bọ́ọ̀lù 145 fún yáàdì 1,947, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù nínú Super Bowl.

Jerry Rice tí gbogbo wọn ń lé, Mississippi Valley State ní Itta Bena ló lọ, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Jerry máa ń bá a ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀: wọ́n á máa ju bíríkì sí i láti ìsàlẹ̀, á máa gbá wọn mú níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti fọwọ́ òfìfo gbá bíríkì mú, awọ bọ́ọ̀lù ò lè ṣe é ní nǹkan. Ní Valley, Willie Totten ń ju bọ́ọ̀lù sí i láìsinmi, San Francisco sì wá a débẹ̀, ipò 16, ní 1985.

Bí bọ́ọ̀lù bá ń wá sọ́dọ̀ ọmọ yín níbi tó wà, àwọn tí ń wá receiver yóò rí i.

Ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó

Ní 1993 ni wọ́n bí Nelson Agholor ní Èkó. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Tampa, ìlú Mike Williams. USC náà ló lọ. Ní 2014 ó mú bọ́ọ̀lù 104 fún yáàdì 1,313, ó sì lọ lẹ́yìn sáà kẹta. Ipò 20, Philadelphia, 2015. Ọdún méjì àkọ́kọ́ le koko. Bọ́ọ̀lù ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará ìlú ń hó lé e lórí, ní 2016 wọ́n tilẹ̀ fi í jókòó fún eré kan. Ní 2017 wọ́n gbé e kúrò létí pápá, wọ́n fi í sáàárín, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá ti wúlò jù. Touchdown mẹ́jọ. Ní Super Bowl ọjọ́ 4 oṣù Kejì 2018, bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ló mú, Eagles sì na New England 41 sí 33.

Ṣé ì bá dúró ọdún kan sí i ní USC? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ipò tí wọ́n fi í sí ni kò bá a mu, ọdún kan sí i ní yunifásítì ò sì lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tí èmi á ṣe

Bí ìgbìmọ̀ NFL bá sọ pé ìpele kìíní, kó máa lọ. Láti 2011, ipò tí wọ́n ti mú ọmọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu gbogbo owó àdéhùn rẹ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́rin ni, ẹgbẹ́ sì lè fi ìkarùn-ún kún un fún àwọn ti ìpele kìíní. Àdéhùn kejì ni owó ńlá wà, ẹni tó bá tètè wọlé ló ń tètè dé ibẹ̀. Ara ọmọ ló sì ń sáré, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n bá sọ pé kó padà, kó padà, kó má jiyàn. Owó tí yunifásítì ń san lóde òní lè ju ti ẹni tí wọ́n mú ní ìpele kẹfà lọ.

Bí ó bá bọ́ sí àárín, ìyẹn ìpele kejì, ẹ pe akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀, kí ẹ̀yin àti ọmọ jọ jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ta ni yóò ju bọ́ọ̀lù ní sáà tó ń bọ̀, receiver wo ló ń lọ tí ààyè rẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀, àti kí ni ohun kan pàtó tí ọmọ yìí ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó dárúkọ. Bí ó bá dárúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì fún sáà mìíràn.